Ilẹ̀ Tí Mo Ní Ó Dára

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe nílùú Houston yìí kò yé ọ̀pọ̀ àwọn ará wa. Bí wọ́n bá bi mí léèrè ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo máa ń sọ pé ilẹ̀ ni mo ń yẹ̀ wò. Wọ́n á ní, "Àh, ṣé ẹ̀ ń wọnlẹ̀ ni?" Màá ní rárá, àwọn tó ń wọnlẹ̀ yàtọ̀, èmi ń wo ilẹ̀ bóyá ẹranko àti ẹyẹ lè gbé orí rẹ̀. Ọ́fíìsì wa wà ní Westchase, láàárín àwọn ilé gíga tí àwọn oníṣẹ́ epo ń lò, ṣùgbọ́n inú koríko ni mo ti ń lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀sẹ̀. Ẹni tó bá ra ilẹ̀, tó ń fẹ́ kí ẹyẹ ìgbẹ́ padà síbẹ̀, á pè wá. Màá lọ, màá rìn ín já, màá kúnlẹ̀, màá fọwọ́ kan erùpẹ̀, màá wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó dára tàbí kò dára. Láti ọdún tí mo ti ń ṣe é, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo mọ̀ pé ilẹ̀ kan kò dára, tí mo sì fẹnu mi sọ pé ó dára. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ni ilẹ̀ náà.

Ẹ̀gbọ́n mi fi ọdún méjìlá jù mí lọ. Mo kéré nígbà tí bàbá wa kú, nítorí náà àwọn ni wọ́n di bàbá mi. Oko ọkà bàbà ni bàbá wa dá kí ó tó kú, ní apá Òkè-Ògùn, ẹ̀gbọ́n mi a sì máa dẹ pàkúté sí etí oko náà fún àparò. Wọ́n mọ ibi tí àparò ń sùn, wọ́n mọ ibi tó ń jẹ̀ láàárọ̀ àti ibi tó ń sá sí nígbà tí oòrùn bá mú. Mo máa ń tẹ̀lé wọn lẹ́yìn, kí n má fọhùn, kí n máa fi ẹsẹ̀ mi sí ibi tí wọ́n bá gbé ẹsẹ̀ kúrò. Nígbà tí mo wá sọ pé ẹ̀kọ́ nípa ẹranko ìgbẹ́ ni mo fẹ́ kọ́ ní yunifásítì, gbogbo ẹbí ní kí ẹ̀gbọ́n mi má gbà fún mi, pé kí ni obìnrin fẹ́ fi ẹranko ìgbẹ́ ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló rẹ́rìn-ín, wọ́n sì rán mi lọ.

Àwọn náà ló mú mi wá sí Amẹ́ríkà. Àpátímẹ́ǹtì oníyàrá kan ni wọ́n ń gbé pẹ̀lú ìyàwó wọn ní Gulfton nígbà tí mo dé. Ògiri ibẹ̀ tín-ín-rín débi pé a ń gbọ́ ariwo àlùbọ́sà nínú epo gbígbóná ará ilé kejì. Orí àga gbọọrọ wọn ni mo sùn fún ọdún kan àti ààbọ̀, àwọn méjèèjì kò sì jẹ́ kí n mọ̀ ọ́n lára rí pé mo dí àyè. Nígbà tó yá, ẹ̀gbọ́n mi ríṣẹ́ sí ilé ìfọpo kan ní ìhà Baytown, wọ́n sì kó lọ síbẹ̀. Inú àwọn táǹkì ńláńlá ni wọ́n ń wọ̀ lọ láti fọ ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ṣe é títí ikọ́ fi mú wọn, ikọ́ náà kò sì lọ mọ́.

Dókítà ní ẹ̀dọ̀fóró wọn ti ń le bí awọ tí a sá sóòrùn. Wọ́n fẹ̀yìn tì kí ọjọ́ tó pé. Ohun tí gbogbo wa rò ni pé wọ́n á padà sílé, kí wọ́n lọ jókòó sínú ilé tí wọ́n kọ́ sí ìlú wa, kí afẹ́fẹ́ gidi lè fẹ́ sí wọn. Dípò bẹ́ẹ̀, wọ́n ra ilẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kejì ni wọ́n ní kí n wá wò ó. Oko ìrẹsì àtijọ́ ni, kò jìnnà sí ilé wọn. Àwọn ebè gígùn tí wọ́n fi ń sé omi nígbà náà ṣì hàn lábẹ́ koríko. A jókòó nínú mọ́tò wọn ní etí pápá náà, wọ́n sì ń fi ìka hàn mí. Bàbá òyìnbó arúgbó kan tó ń gbé ní òdìkejì títì ló ti sọ fún wọn pé nígbà tí òun wà lọ́dọ̀ọ́, tí àwọn èèyàn ṣì ń gbin ìrẹsì níbẹ̀, fẹ́sáǹtì pọ̀ ní gbogbo agbègbè náà, pé bí àwọn akọ bá ń ké láàárọ̀, ìdáhùn kì í tán.

Ẹni tó bá mọ àparò, kí ó fojú inú wo àparò tó tóbi tó àkùkọ adìẹ, tí ìrù rẹ̀ gùn tó apá, tí òrùka funfun sì yí ọrùn akọ rẹ̀ ká. Fẹ́sáǹtì nìyẹn. Ilẹ̀ ló ń gbé, ilẹ̀ ló ń yé sí. Ẹ̀gbọ́n mi kò rí i rí lójúkojú. Àwòrán rẹ̀ ni wọ́n rí, ọkàn wọn sì ti lọ síbẹ̀.

"Mo fẹ́ kí wọ́n padà síbí," ni wọ́n wí. "Mo fẹ́ jí láàárọ̀ kí n gbọ́ ẹyẹ tí kì í ṣe ti inú ilé. Wò ó fún mi. Bí o ṣe ń wò ó fún àwọn òyìnbó yẹn ni kí o wò ó. Má wo ojú mi."

Mo wọ bàtà rọ́bà mi, mo wọ inú pápá. Àwọn dúró sínú mọ́tò, nítorí pé bí wọ́n bá rin ogún ẹsẹ̀ bàtà, wọ́n ní láti dúró mí.

Igi ni mo kọ́kọ́ wò. Ẹyẹ tó ń gbé ilẹ̀ kì í fẹ́ igi gíga nítòsí, nítorí orí igi ni àṣá ti ń ṣọ́ ọ. Igi kan tí wọ́n mú wá láti ilẹ̀ Ṣáínà nígbà kan rí ti gba gbogbo etí pápá náà, ó sì ti ń wọ àárín bọ̀. Àṣá méjì wà lórí rẹ̀ lọ́jọ́ náà, wọ́n ń wò mí. Lẹ́yìn náà mo fi àyà lélẹ̀, kí ojú mi lè wà níbi tí ojú òròmọ máa wà. Òròmọ fẹ́sáǹtì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin kò ju àtàǹpàkò lọ. Ó ń fẹ́ kí òkè bò ó, kí ìsàlẹ̀ sì là gbayawu, kí ó lè sáré láàárín ìdí koríko, kí ó máa ṣa kòkòrò jẹ, nítorí kòkòrò nìkan ló ń jẹ́ kí ó dàgbà ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Koríko tí mo bá níbẹ̀ dì mọ́ra bí ẹní. Ìka mi kò rí ibi gbà kọjá nínú rẹ̀. Níbi tí koríko kò sí, erùpẹ̀ funfun ló wà. Mo fi ahọ́n tọ́ ọ wò: iyọ̀ ni. Òkun ti gun ibẹ̀ nígbà ìjì, ó ti padà sẹ́yìn, ṣùgbọ́n kò kó iyọ̀ rẹ̀ lọ.

Mo ka òkìtì èèrà pupa, àwọn tó ń ta ni bí iná, títí mo fi dẹ́kun kíkà. Mo rí ibi tí ẹlẹ́dẹ̀ ìgbẹ́ ti fi imú tú ilẹ̀ bí ẹni pé wọ́n fi katakata kọ ọ́. Mo gbójú sókè wo ìta pápá: ibi tí wọ́n ń kó páìpù jọ wà lápá kan, ilé ìkẹ́rùsí wà lápá kejì, iná ilé ìfọpo tí kì í kú sì wà ní iwájú. Bí ẹyẹ kan tilẹ̀ yè níbẹ̀, kò sí ibì kankan tí yóò ti rí ẹyẹ mìíràn bíi tirẹ̀. Erékùṣù kékeré ni ilẹ̀ náà, láàárín irin.

Wákàtí kan kò pé tí mo ti mọ̀. Kì í ṣe pé ilẹ̀ náà kù díẹ̀ káàtó. Kò dára rárá.

Nígbà tí mo padà sínú mọ́tò, ẹ̀gbọ́n mi ti tẹ́ ìwé kan sórí itan wọn. Ẹ̀yìn ìwé tí ilé ìwòsàn fún wọn ni, wọ́n ti fi báírò ya pápá náà sí i: ibi tí wọ́n máa gbin ọkà bàbà sí, ibi tí omi máa wà, ibi tí wọn kò ní fọwọ́ kàn kí ẹyẹ lè máa yé sí. Ohun tí wọ́n yà dára. Bí ó bá jẹ́ lórí ilẹ̀ mìíràn ni, ǹ bá fọwọ́ sí i.

"Ṣé ó dára?"

Wọ́n ti ní kí n má wo ojú wọn. Mo wò ó. Ara ojú wọn ti lọ sínú, ṣùgbọ́n ojú náà ń tàn bí ojú ẹni tó dẹ pàkúté tó ń lọ wò ó láàárọ̀.

"Ó lè dára, Bọ̀ọ̀dá mi," ni mo wí. "Iṣẹ́ wà níbẹ̀ o. Ṣùgbọ́n ó lè dára."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n sì ṣáná sí mọ́tò.

Ìyàwó wọn ti ro ẹ̀bà dè wá pẹ̀lú ọbẹ̀ ilá. Ẹ̀gbọ́n mi jẹ tiwọn tán, wọ́n ní kí ó bu sí i. Mo rí i tí ọwọ́ ìyàwó náà dúró lórí ìkòkò, tí ó sì wo ọkọ rẹ̀, kí ó tó wá wo èmi. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí ọkọ rẹ̀ kò ti bèèrè oúnjẹ kún oúnjẹ. Gbogbo bí a ti ń jẹun, ẹ̀gbọ́n mi ń ròyìn ilẹ̀, wọ́n ń ní, "Àbúrò mi ní ó dára. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, ó mọ̀ ọ́n." Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni à ń ra èké. Mo jókòó sídìí tábìlì yẹn, mo ń jẹ ẹ̀bà, mo sì ń gbọ́ bí wọ́n ti ń fi irọ́ mi yangàn.

Mo sọ fún ara mi pé ikọ́ náà kò ní jẹ́ kí wọ́n ṣe ohun kan lórí ilẹ̀ náà. Mo rò pé wọ́n á máa lọ wò ó láti inú mọ́tò, wọ́n á máa ya àwòrán lẹ́yìn ìwé, inú wọn á máa dùn títí ọjọ́ wọn á fi pé. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti ṣìnà jù, torí mo mọ ẹ̀gbọ́n mi. Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó parí, wọ́n ti ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé igi.

Wọ́n gé àwọn igi yẹn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá gé ọ̀kan, wọ́n á jókòó sórí kùkùté rẹ̀ títí èémí á fi padà, wọ́n á tún dìde. Wọ́n sun koríko tó dì mọ́ra náà, wọ́n sì dúró sínú èéfín rẹ̀ láti máa ṣọ́ iná. Wọ́n háyà katakata, wọ́n kọ ilẹ̀, eruku bò wọ́n. Mo máa ń lọ bá wọn ní Sátidé. Mo ṣiṣẹ́ níbẹ̀ débi pé ọwọ́ mi bó. Bóyá mo rò pé bí mo bá ṣiṣẹ́ tó, irọ́ náà á di òótọ́.

Nínú oṣù kẹrin, mo ṣe ohun tí ó yẹ kí n ti ṣe kí n tó lanu sọ̀rọ̀ rárá. Mo wa mọ́tò yí agbègbè náà ká láàárọ̀ kùtùkùtù, mo dúró ní ibi mẹ́wàá, mo sì tẹ́tí fún ìṣẹ́jú méjì níbi kọ̀ọ̀kan. Bí a ṣe ń ka fẹ́sáǹtì nìyẹn, nítorí pé akọ kì í lè pa ẹnu mọ́ ní àkókò náà. Ohun tí mo gbọ́ ni ìró ọkọ̀ akẹ́rù àti ìró ilé ìfọpo. Mo kọ òdo sínú ìwé mi nígbà mẹ́wàá, mo pa ìwé náà dé, mi ò sì fi hàn wọ́n.

Ìyàwó wọn pè mí lórí fóònù lọ́sẹ̀ yẹn. Ó dàgbà jù mí lọ, ṣùgbọ́n bí àṣà wa, torí pé ó bá mi nílé ọkọ rẹ̀ ni, ó sọ mí ní orúkọ àdàpè, ó sì máa ń fi "ẹ̀yin" pè mí; èmi náà ń fi "ẹ̀yin" pè é.

"Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi ilẹ̀ yẹn sílẹ̀," ni ó wí. "Bí wọ́n bá dé, gbogbo ara wọn á dúdú fún èéfín. Wọn kì í lè gun àtẹ̀gùn mọ́, ìdajì àtẹ̀gùn ni wọ́n ń jókòó sí. Èmi sọ̀rọ̀ títí, wọn kò gbọ́. Ẹ̀yin lẹ sọ pé ilẹ̀ náà dára. Ẹ̀yin ni wọ́n máa gbọ́ tiyín."

"Màá bá wọn sọ̀rọ̀," ni mo wí.

Mi ò bá wọn sọ̀rọ̀. Mo gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí àwa méjèèjì wà lórí afárá ńlá tó kọjá sí Baytown. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ọ̀rọ̀ kan wà." Wọ́n ní kí n sọ ọ́. Mo wá ní ó yẹ kí wọ́n máa bo imú wọn bí wọ́n bá ń sun koríko.

Ọdún yípo. Ọkà bàbà hù ní apá tí iyọ̀ kò pọ̀ sí, kò hù ní apá yòókù. Ní oṣù kẹta ọdún kejì, a gba ìwé àṣẹ, a sì lọ ra ẹyẹ lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń sin fẹ́sáǹtì nínú àgò ní ọ̀nà jíjìn. Ogójì ni a rà, mẹ́wàá jẹ́ akọ. Èmi tí mo kàwé mọ̀ pé ẹyẹ tí a sin nínú àgò kò mọ ìbẹ̀rù àṣá. Mo sì dì wọ́n sẹ́yìn mọ́tò pẹ̀lú ọwọ́ ara mi.

Nígbà náà ẹ̀gbọ́n mi ti ń gbé àgbá ọ́síjìn kékeré kan kiri, okùn rẹ̀ wà nímú wọn. Àwọn fúnra wọn ló ṣí àgò àkọ́kọ́. Àwọn ẹyẹ náà kò kọ́kọ́ jáde. Lẹ́yìn náà akọ kan jáde, òrùka funfun wà lọ́rùn rẹ̀, oòrùn sì mú kí ara rẹ̀ máa dán bíi bàbà tí a fi osàn fọ̀. Ó fò pẹ́pẹ́, ó balẹ̀ sínú ọkà bàbà, ó sì wọlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ṣí fìlà wọn, wọ́n sì fi bo àyà.

Ní ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn náà, fóònù mi dún bí ilẹ̀ ti ń mọ́.

"Má sọ̀rọ̀," ni wọ́n wí. "Gbọ́."

Mo gbọ́ atẹ́gùn. Mo gbọ́ èémí wọn, tó ń han. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ọ, ohùn gbígbẹ kan tó ń ha létí, bí ìlẹ̀kùn onípáànù tí a ṣí tì lẹ́ẹ̀mejì, tí ìró ìyẹ́ sì tẹ̀lé e.

"Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́ o, Bọ̀ọ̀dá mi."

"Ó ké fún mi," ni wọ́n wí.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n tún pè mí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ìpè náà dá.

Ìyẹ́ ni mo kọ́kọ́ rí, lábẹ́ òpó iná, yípo bí ibi tí wọ́n ti tú ìrọ̀rí. Àṣá nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni àwọn tí ajá ìgbẹ́ pa, tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ nìkan ló kù. Kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé, mo rin pápá náà já, mi ò rí mẹ́wàá. Nígbà tó di oṣù karùn-ún, abo kan ṣoṣo la mọ̀ pé ó kù. Ó yé ẹyin mọ́kànlá sí etí ọkà bàbà, ó sì sàba lé wọn. Ẹ̀gbọ́n mi gbé àga lọ síbi tó jìnnà díẹ̀, wọ́n ń ṣọ́ ọ láti àárọ̀ títí oòrùn fi ń mú. Wọ́n ń ka ọjọ́. Ọjọ́ mẹ́tàlélógún ni ẹyin fẹ́sáǹtì ń lò kí ó tó pa.

Ọjọ́ tí ó yẹ kí àwọn ẹyin náà pa bọ́ sí Sátidé, nítorí náà mo wà níbẹ̀. Abo náà kò sí lórí ẹyin nígbà tí a dé. A rìn súnmọ́ ọn. Àwọn òròmọ ti ń fi àgógó lu ẹyin láti inú. Ihò kéékèèké ti wà lára mẹ́fà tàbí méje. Inú ihò wọ̀nyẹn ni àwọn èèrà pupa ń gbà wọlé. Wọ́n tò láti inú koríko wá bí okùn. Àwọn ẹyin náà ń mì díẹ̀díẹ̀, nítorí pé àwọn òròmọ kan ṣì wà láàyè nínú wọn.

Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀. Wọ́n mú ẹyin kan sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtàǹpàkò gbá èèrà kúrò lára rẹ̀. Àwọn èèrà náà bò wọ́n lọ́wọ́, wọ́n ń ta wọ́n, ọwọ́ ń pọ́n, ọwọ́ ń wú. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e sílẹ̀." Wọn kò gbé e sílẹ̀. Wọ́n gbá èèrà títí ẹyin náà kò fi mì mọ́.

Nígbà náà ni wọ́n gbójú sókè sí mi. Wọn kò pariwo.

"Ṣé o mọ̀?"

Mo lè purọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ti rẹ̀ mí.

"Mo mọ̀."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ àkọ́kọ́."

Wọ́n fi ẹyin náà sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn yòókù. Wọ́n nu ọwọ́ wọn sára ṣòkòtò. Ó pẹ́ kí èémí wọn tó tó láti sọ̀rọ̀.

"Ǹ bá ti lọ sílé," ni wọ́n wí. "Mo ṣì ní okun díẹ̀ nígbà yẹn. Dókítà ní mo ṣì lè wọ bàálù. Mo ní kí n kọ́kọ́ mọ ohun tí àbúrò mi máa sọ nípa ilẹ̀ yìí. Bí o bá ní kò dára, ǹ bá ti lọ sílé."

Mo gbé àgbá ọ́síjìn náà tẹ̀lé wọn lọ síbi mọ́tò. Èmi ni mo wa mọ́tò gbé wọn délé. Wọn kò bá mi jà lójú ọ̀nà, ìyẹn ló ń dùn mí jù títí di òní. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n ní kí n wọlé wá mu omi.

Wọn kò dé orí ilẹ̀ náà mọ́. Nínú oṣù kẹjọ, wọ́n dá wọn dúró sí ilé ìwòsàn. Ẹ̀gbọ́n mi bi dókítà bóyá àwọn lè wọ bàálù. Dókítà ní afẹ́fẹ́ inú bàálù kò ní gbé wọn dé ìdajì ọ̀nà. Mo wà níbẹ̀ nígbà tó sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi mi orí bí ẹni tó ń gba iye tí wọ́n pè fún un lọ́jà. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn náà, ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n dákẹ́. Baytown la sin wọ́n sí. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wọn wá pẹ̀lú aṣọ funfun, wọ́n kọrin nínú oòrùn gbígbóná, èéfín ilé ìfọpo sì ń lọ sókè lẹ́yìn wọn.

Láti ọjọ́ náà ni ìyàwó wọn kò ti pè mí ní orúkọ àdàpè mi mọ́. "Ẹ káàárọ̀, mà," ni ó ń kí mi. Bí mo bá gbé oúnjẹ lọ, á gbà á, á ní, "Ẹ ṣé, mà." Mi ò lè bá a wí.

Ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀, àwọn kan tó ń wá ibi tí wọ́n máa kó kọ̀ǹténà jọ sí ní àwọn fẹ́ ra ilẹ̀ náà. Wọ́n ní láti gba ìwé pé wọn kò ní ba ibùgbé ẹranko kankan jẹ́, ọ́fíìsì wa ni wọ́n sì gbé iṣẹ́ náà wá. Mo sọ fún ọ̀gá mi pé ilẹ̀ ẹbí ni, kí ó fi ẹlòmíràn ránṣẹ́. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ló lọ. Ó lo òwúrọ̀ kan níbẹ̀, ó kọ ojú ìwé méjì. Iyọ̀ wà níbẹ̀, èèrà wà níbẹ̀, ó dá dúró láàárín ilé iṣẹ́, kò yẹ fún ẹyẹ tó ń yé sílẹ̀. Ó fi kún un pé ó jọ pé ẹnì kan ti sapá gan-an láti tún un ṣe. Mo ka gbólóhùn yẹn, mo jáde lọ jókòó sínú mọ́tò mi ní ibi ìgbọ́kọ̀sí.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ta ilẹ̀ náà, ó ta ilé, ó sì ní òun ń lọ bá àbúrò òun ní ìpínlẹ̀ mìíràn. Mo lọ bá a di ẹrù. Ọjọ́ kan gbáko la fi di àwo sínú ìwé ìròyìn, a kò sọ ju "ẹ bá mi gbé èyí" àti "ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀" lọ. Nígbà tí a di àwo tó kẹ́yìn tán, ó jókòó sórí páálí kan.

"Bí ẹ bá sọ òótọ́ fún wọn lọ́jọ́ náà," ó ní, "ṣé wọ́n á ṣì wà?"

"Mi ò mọ̀," ni mo wí. "Bóyá wọn kò ní ṣiṣẹ́ pa ara wọn. Bóyá wọ́n á ti rí ilé."

Ó ń fi èékánná họ téèpù ara páálí náà.

"Èmi náà mọ̀ lọ́jọ́ náà," ó ní. "Mo ti rí i lójú yín nídìí oúnjẹ pé irọ́ ni. Mi ò mọ nǹkan kan nípa ẹyẹ, ṣùgbọ́n mo mọ ojú yín. Inú ilé mi lẹ ti sùn fún ọdún kan àti ààbọ̀. Wọ́n ní kí n bu ẹ̀bà sí i. Mo ní kí n jẹ́ kí wọ́n jẹun ná. Mo ní màá bi yín tó bá dọ̀la." Ó mi orí. "Mi ò bi yín. Nígbà tí mo sì rí i pé iṣẹ́ náà ń pa wọ́n, ẹ̀yin ni mo ń di gbogbo rẹ̀ rù."

Mo fẹ́ fọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n ó ti dìde, ó ti ń wá àlùmọ́gàjí tí a fi ń gé téèpù. A di páálí náà, a gbé e lọ sínú mọ́tò. Ó dá mọ́tò náà wà lọ lọ́jọ́ kejì. Ó fi ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù pé òun ti dé, pé òjò ń rọ̀ níbẹ̀, mo sì fèsì pé a dúpẹ́.

Ní ọjọ́ Ajé, wọ́n fi mí ránṣẹ́ sí ilẹ̀ kan ní ìwọ̀ oòrùn ìlú, ilẹ̀ tọkọtaya arúgbó kan. Obìnrin náà ti se tíì dè mí. Mo ní kí ó má bínú, pé màá kọ́kọ́ rin ilẹ̀ ná, màá sọ ohun tí mo bá rí fún wọn, kí n tó mu tíì.